Bẹ̀bẹ̀ Nínú Ilé Ẹ̀tù

Àwọn Yorùbá tó wà ní Moncalieri, nílẹ̀ Ítálì, máa ń sọ pé ilé iṣẹ́ bọ́ǹbù ni Ùmmùkùlsùmù ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta àgbá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rọ ẹ̀tù sínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine ni ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í ti í fẹ́ sinmi mọ́.

Ọmọ Ìwó ni Ùmmùkùlsùmù. Contratto, ìyẹn ìwé àdéhùn iṣẹ́, oṣù díẹ̀ díẹ̀ ló ti ń gbà níbẹ̀ tipẹ́. Inú yàrá kan ṣoṣo lòun àti Fathiyyah ọmọ rẹ̀ ń gbé, nítorí kò sí onílé tó fẹ́ fún ẹni tí kò ní indeterminato, ìyẹn iṣẹ́ tí kò ní gbèdéke, nílé. Lọ́sẹ̀ yẹn, Chiara, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka wọn, sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ti wà níwájú àwọn aláṣẹ fún indeterminato.

"Ìwọ ṣáà má jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró títí di ọjọ́ Ẹtì," ni Chiara wí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọmọbìnrin Yorùbá kan tó ń jẹ́ Oyinkán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ùmmùkùlsùmù ló mú un wá, òun náà ni wọ́n ní kó kọ́ ọ. Kò fi ẹ̀kọ́ náà ṣeré. Yẹtí, òrùka, fóònù, irun ọ̀rá, títí dórí pínnì tí Ùmmùkùlsùmù fi ń de ìborùn rẹ̀, yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ni gbogbo wọn ń kù sí. Aṣọ òwú nìkan ló gbọ́dọ̀ kan ara. Ike àti ọ̀rá tó bá ń ha ara wọn lè bí ẹ̀ta iná, bí aṣọ ọ̀rá ṣe máa ń ta ṣáṣá nígbà òtútù, ẹ̀tù kì í sì í béèrè bí iná ṣe kéré tó.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Oyinkán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú nǹkan, Ùmmùkùlsùmù sì rí ohun tó yí ìdí rẹ̀ ká lábẹ́ aṣọ.

"Oyinkán, kí ló wà nídìí ẹ yẹn?"

"Bẹ̀bẹ̀ ni, Àǹtí. Àbí tiyín ti já?"

"Mi ò bá ẹ ṣàwàdà. Kí ni wọ́n fi sín in?"

"Okùn ọ̀rá. Ẹ ní ká bọ́ ohun ọ̀ṣọ́, mo sì bọ́ ọ. Èyí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, ara mi ni. Ta ló tilẹ̀ ń wo ìdí níbí?"

Kò purọ́. Láti kékeré ni bẹ̀bẹ̀ ti wà nídìí rẹ̀. Ta ní í ka ìdí ara rẹ̀ mọ́ ẹrù? Chiara kò sì lè béèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ní pẹ́ parí. Bí Ùmmùkùlsùmù bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó rántí ilé tó ń wá. Ó wo ẹ̀tù tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

"Má mira," ló wí, ó sì tẹ bọ́tìnnì pupa.

Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Chiara dé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀. Ùmmùkùlsùmù kò ní tú ọmọ ọlọ́mọ síhòòhò lójú wọn. "Èmi ni mo kọ́ ọ, mo sì gbàgbé ohun kan," ló sọ. "Ẹ̀bi mi ni."

Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ló ti wá fi bẹ̀bẹ̀ náà han Chiara nìkan. Oyinkán di ìdí mú.

"Àǹtí, ìdí ọmọ ẹni kì í burú ká fi bẹ̀bẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíì. Kí ni kí n sọ fún ìyá mi?"

"Sọ fún wọn pé ìdí ọ̀hún ṣì wà láàyè. Mú sísọ́ọ̀sì wá."

Lọ́jọ́ Ẹtì, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fi kún contratto Ùmmùkùlsùmù. "Wọ́n ní o dá iṣẹ́ dúró," ni Chiara sọ, kò lè wò ó lójú.

"Mo dá a dúró," ni Ùmmùkùlsùmù dáhùn. "Bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún dá a dúró. Ẹ máa bi gbogbo ọmọbìnrin wa tó bá dé nípa bẹ̀bẹ̀."

Nígbà tó délé, Fathiyyah gbójú sókè lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n jọ ń sùn.

"E la casa, mamma?"

"Ilé ò tíì yá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Sún sọ́hùn-ún, jẹ́ kí n jókòó."