Oyè Àlùfáà tí Mo Kọ́kọ́ Kọ̀

"Bàbá, àbẹ́ẹ̀gì, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn òyìnbó ìjọ yín ò gbà kí ènìyàn dúdú jẹ oyè àlùfáà tẹ́lẹ̀?"

Awakọ̀ tírélà kan ni ó sọ bẹ́ẹ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut, tí ó gbé fóònù rẹ̀ sókè bí ẹni tí ó mú olè. Àgbàlagbà tí ó ń bá sọ̀rọ̀ jókòó sórí àpótí, wọ́n tẹ́ tapólì tí a fi ń bo ẹrù ọkọ̀ náà lé itan, abẹ́rẹ́ ńlá tí ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń fi àbẹ́là pa okùn kí ó lè dán. Òórùn rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti dísẹ̀lì àti ti ẹ̀wà tí ń jó nídìí ìkòkò ẹnìkan. Aládùúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n mú èmi àti ìyá mi wọ ìjọ Mọ́mọ́nì, wọ́n sì ń kọ́ mi ní ìwé mímọ́ níbi iṣẹ́ wọn ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún méjìlá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, àwọn àgbà ìjọ yóò gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọn yóò sì fi mí jẹ díákónì, ìpele àkọ́kọ́ nínú oyè àlùfáà tí àwọn ọmọkùnrin ìjọ wa ń gbà.

Mo dúró kí wọ́n sọ pé irọ́ ni.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. Okùn náà dún ṣìì bí ó ti ń la tapólì kọjá.

"Ẹ mọ̀, ẹ tún ń lọ!" Awakọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. "Wọn ò jẹ́ kí ẹ mu tíì, wọn ò jẹ́ kí ẹ mu bíà, wọn ò tún ka bàbá yín sí ènìyàn. Kí lẹ wá ń jẹ níbẹ̀ gan-an?"

"Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ rẹ, kí òjò má bàa bá ọ se ìrẹsì tí o kó."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí àgbà tí ó mọ̀ tí kò sọ. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ mi, wọn kò ṣí ojú ewé yẹn rí. Bí awakọ̀ náà ti lọ ni mo ní mi ò gba oyè kankan mọ́. Ọwọ́ tí ó ti irú bàbá bàbá mi sẹ́yìn kò ní gorí mi.

Bàbá fi abẹ́rẹ́ wọn sílẹ̀. "O ò jẹ̀bi. Èmi ni mo bẹ̀rù. Mo rò pé bí o bá gbọ́, wàá sá lọ. Wàyí o, ẹlẹ́yà ló sọ ọ́ fún ọ."

Wọ́n wá rò ó tán fún mi: bí a ti fi oyè náà du àwọn ọkùnrin dúdú fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, bí a ti ti ìlẹ̀kùn tẹ́ńpìlì mọ́ àwọn ìyàwó wọn pẹ̀lú, bí àwọn oníwàásù kan ti pe awọ ara wa ní ègún. Ìjọ ti fagi lé òfin náà kí Bàbá tó wọ inú rẹ̀. Mo gbọ́, mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ọjọ́ Ìsinmi yẹn jẹ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù: gbogbo wa gbààwẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè dìde jẹ́rìí. Bàbá ni ó gbàdúrà sórí búrẹ́dì Oúnjẹ Olúwa. Lọ́dọ̀ wa, a kì í yí ọ̀rọ̀ àdúrà yẹn padà. Bí ẹni tí ń gbà á bá ṣì í, bíṣọ́ọ̀bù yóò mi orí, ẹni náà yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Wọ́n fo ọ̀rọ̀ kan. Bíṣọ́ọ̀bù wa, tí ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté, ní Warehouse Road láàárín ọ̀sẹ̀, mi orí. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, wọ́n dìde.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fò, ẹ ní kí n tún un ṣe. Àwọn aṣáájú wa fo odindi ìran ènìyàn. Ṣé ìyẹn ni ká dákẹ́ lé?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni," ni bíṣọ́ọ̀bù rọra wí. "Àwọn àlejò wà láàárín wa."

"Ẹ mú sùúrù fún mi. Ẹ̀yin mi orí sí mi, èmi náà ń mi orí. Ènìyàn ló ṣe àṣìṣe yẹn, Ọlọ́run ò lọ́wọ́ sí i. Òun ló pè mí síbí, mi ò sì ní lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ẹ̀ tan ọmọ jẹ." Wọ́n kọjú sí mi lójú gbogbo ìjọ. "Dákun, ọmọ mi, forí jì mí."

Ìyá mi bo ẹnu. Ta ni ó ti rí i rí kí arúgbó bẹ ọmọdé ní gbangba?

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bi mí bóyá mo ṣì kọ̀. Mo ní, "Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ fi mí jẹ ẹ́." Ọwọ́ wọn wúwo lórí mi.

Bàbá ti di olóògbé báyìí. Mo ti lọ sí yunifásítì, mo sì ti ka ohun tí ó burú ju èyí lọ, títí kan àwọn ìyàwó tí àwọn aṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ kó jọ tí wọ́n sì fi pamọ́. Àwọn kan ń pè mí ní òmùgọ̀ nítorí pé mo dúró. Àwọn mìíràn ń pè mí ní ọ̀tá nítorí pé mo ń sọ̀rọ̀. Èmi kò gba ti apá kankan. Ìgbàgbọ́ tí a ní láti bo ojú rẹ̀ kí ó tó lè rìn, afọ́jú ni a sọ ọ́ dà.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa báyìí. Kí a tó gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni nínú wọn lórí, mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ fún un, níwájú ìyá rẹ̀. Àwọn òbí ń fẹjọ́ mi sùn. Kí wọ́n máa fẹjọ́ sùn lọ. Ọmọ kan gbọ́, ó dìde, kò padà mọ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí a bá pàdé ládùúgbò, tí ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo lè wò ó lójú.