Ẹ̀yìn Owó Sámbíà

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo lẹ owó Ìdòwú mọ́ ìwé. Láàárọ̀ òní, aládùúgbò mi fi omi gbígbóná ro ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí yóò fi mú aṣọ rẹ̀ le. Òórùn náà wọlé bá mi, ó sì rẹ̀ mí bí ẹni tó rìn wá láti oko ọ̀nà jíjìn.

Ní Idigny, ìlú wa ní Orílẹ̀-èdè Benin, nígbà náà, ẹ̀gẹ́ rírò bẹ́ẹ̀ la fi ń lẹ ìwé. Mo ní kayé kan, ìwé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń lẹ ohun àjèjì mọ́: páálí ṣúgà, bébà bísíkíìtì, àmì orí lẹ́tà. Mo ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ àlàyé rẹ̀. Mo ti ń ṣe tíṣà kí n tó dàgbà.

Ìdòwú, ọ̀rẹ́ mi tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ló mú owó náà wá. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló fún un: owó bébà láti Sámbíà, ní apá gúúsù Áfíríkà lọ́hùn-ún. Kò lè ra àkàrà kan ṣoṣo lọ́jà wa. Àwòrán ọkùnrin kan àti ẹyẹ idì wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn, àwọn èèyàn ń já òwú nínú oko, gẹ́gẹ́ bíi tiwa.

Ìdòwú na ìka sí obìnrin kan nínú wọn. "Ìyá mi nìyí."

"Ìyá rẹ dé Sámbíà rí?"

"Ẹlẹ́nu! Ṣáà bá mi tọ́jú ẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò ìyá rẹ̀ rí.

Mo tọ́jú rẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ pinpin, iwájú sókè, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Owó Sámbíà. Ọkùnrin kan, ẹyẹ kan." Nígbà tí Ìdòwú ṣí kayé náà, ó wò mí.

"Ìyá mi ńkọ́?"

A da omi sí i, a rọra ń ṣí owó náà kúrò lára ìwé. Iwájú tí ẹyẹ wà dúró, ẹ̀yìn ya wẹ́wẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdòwú kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Kò pẹ́, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Okpomèta, a kò sì ríra mọ́.

Lónìí, ọmọ kékeré ń fi tẹlifóònù ya fọ́tò ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, a kì í sì fi ẹ̀gẹ́ lẹ ìwé mọ́. Òórùn rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Kayé náà wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fi pẹ́ńsùlù ṣàtúnṣe àlàyé náà: "Lẹ́yìn: ìyá Ìdòwú, ó ń já òwú."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ lára mi: bí ẹnìkan bá ní kí ẹ bá òun tọ́jú nǹkan, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló rí níbẹ̀.