Púpurú ní Ilẹ̀ Yìnyín

Mo rántí òórùn èéfín tó kún yàrá mi ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, níbi tí yìnyín ti bo gbogbo nǹkan tó lè rùn. Púpurú, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí ìyàwó mi fi èéfín yan ní Àyèká, ni mo so kọ́ sókè ẹ̀rọ amúlégbóná. Nílé wa, púpurú kì í tán lókè ààrò, nítorí àlejò.

Ẹ̀rọ amúnáwá ni mo ń tọ́jú ní ibùdó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Kí n tó lọ, mo ti fọ́nnu káàkiri Okitipupa pé ẹni tó fara da ọyẹ́, kí ni òtútù fẹ́ fi í ṣe? N kò mọ̀ pé òtútù kọ́ ni ọ̀tá. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí òru gùn tó, ilẹ̀ á mọ́. Ẹni tó pa á lówe kò rí òru olóṣù gbọọrọ. Oòrùn wọ̀, kò yọ mọ́. Oorun dá lójú mi, oúnjẹ kò wù mí, mo ń wo ògiri bí ẹni tí a gbàgbé síbẹ̀. Lórí ìjókòó, ọkàn mi a máa sáré.

Dókítà ibùdó yẹ̀ mí wò. "Àìrìn àti àìrí oòrùn ti ń jẹ ọkàn rẹ, ó sì ń jẹ ọpọlọ rẹ. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè balẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Dìde, máa jẹun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o lè má délé."

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi lórí fóònù.

"Púpurú mi ńkọ́?"

"Mo tọ́jú ẹ̀. Bí àlejò bá dé…"

"Àlejò wo, bàbá ọmọ mi? Yìnyín?" Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ gbé e sọ̀, ẹ fọ́ ọ, ẹ rò ó. Èmi náà á máa ro tèmi. A ó jọ jẹ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà, bí àkókò oúnjẹ ìyàwó mi bá tó, mo ti dìde. Nígbà tí púpurú tán, mo ro ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá ọ̀nà Okitipupa ni mo ń wá. Òun gan-an ni mo ń wá. Ilẹ̀ mọ́, mo sì délé.

Lóṣù tó kọjá, a sin ìyàwó mi. Oorun tún ti dá lójú mi, ọkàn mi ń sáré lórí ìjókòó. Mo mọ òru yìí. Mo ti gbé inú rẹ̀ rí. Púpurú tó yan gbẹ̀yìn ṣì wà lókè ààrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n fi pamọ́ fún ìrántí.

Láàárọ̀ yìí mo gbé e sọ̀, mo fọ́ ọ, mo sì gbé omi kaná.