Òṣómàáló ní Jollof Town

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ lórí iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá, nítorí ìtàn yìí kì í yára, èmi tí mo sì ń sọ ọ́ kò yára mọ́. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni. Ẹ má wojú ara yín. Kò sí ẹni tí mo ń bá wí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Nílé wa, aṣọ là ń tà, àwìn la sì ń tà á. Ẹni tó bá mọ̀ wá á mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú wa: òṣómàáló. Bí bàbá mi bá tà fún ọ láwìn, tí ọjọ́ tó o dá pé, tí o kò san, kò ní í bú ọ, kò sì ní í pariwo. Yóò kàn wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ láàárọ̀, yóò lóṣòó síbẹ̀, yóò máa wò ọ́. O fẹ́ jẹun, ó ń wò ọ́. Àlejò rẹ dé, ó ń wo ìwọ àti àlejò. Títí ìtìjú yóò fi lé ọ wọ yàrá lọ mú owó wá. Bàbá mi kọ́ mi pé: "Má la ẹnu rẹ. Ẹni tó bá la ẹnu, wọn á bá a jiyàn. Ta ló lè bá orúnkún jiyàn?"

Ìmọ̀ yìí ni mo gbé dé Banjul, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ìlú náà ní Bathurst, tí òmìnira wọn kò tíì gbó. Yàtọ̀ sí ìmọ̀ yẹn, ẹ̀wù méjì ni mo ní.

Ará Lẹ́bánónì kan wà nínú ọjà tó máa ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa láṣọ láwìn. Kì í wo ojú ẹni. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ẹni ló ń wò. Ẹni tó dúró fún mi ni àgbà kan láàárín àwa Yorùbá ọjà, ará Ọ̀fà, tó ń ta abọ́ tánganran. Alájì ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká níwájú ará Lẹ́bánónì náà, ó ní, "Bí kò bá san, èmi ni kó o mú."

Nígbà tí a jáde síta, ó yíjú sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́, sà."

"O ò gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ orúkọ yẹn bí ẹni kọ́lé. Aṣọ lo rù yẹn lójú tìẹ. Orúkọ mi ni okùn tí wọ́n fi dì í."

Àdéhùn wa ni pé kí owó pé kó tó di Iléyá, èyí tí wọ́n ń pè ní Tobaski lọ́hùn-ún. Bí n kò bá san, ará Lẹ́bánónì yóò palẹ̀ abọ́ Alájì mọ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ní tèmi, kò sí ẹni tí yóò tún fi ọ̀pá aṣọ kan lé mi lọ́wọ́ láwìn mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti etíkun títí kọjá Denton Bridge, afárá tí wọ́n ń gbà jáde nílùú.

Aṣọ náà tà. Ibi tó ti tà jù ni ilé màmá àgbà kan ní àdúgbò Jollof Town. Aku ni, ìyẹn àwọn ọmọ àwọn tó ti Freetown wá, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí èdè ti di Krio lẹ́nu wọn. Opó akọ̀wé ìjọba ni màmá yìí, ilé pákó ló ń gbé, fàráńdà sì wà níwájú rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan fẹ́ ṣègbéyàwó. Màmá mú aṣọ kọ́tìnnì, ó mú aṣọ orí tábìlì, ó mú ti ibùsùn, ó wò mí lójú, ó tún mú aṣọ kọ́tìnnì sí i. Ó ní kí n wá gbowó lópin oṣù, bí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ òun bá dé. Krio rẹ̀ àti Pidgin tèmi kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà yé mi.

Òpin oṣù dé, ó kọjá. N kò rí kọ́bọ̀.

Mo ní ó tán, ó ti dé ibi iṣẹ́ wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé fìlà, mo lọ lóṣòó sídìí àtẹ̀gùn fàráńdà rẹ̀, mo tẹjú mọ́ ọn. Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè, ó rí mi nílẹ̀, ojú rẹ̀ tàn yòò. Ó ní, "Kúṣẹ̀ o!"

Inú bí mi gidigidi. Ẹ kú iṣẹ́! Èmi tí mo wá gbowó mi, ó ń kí mi kú iṣẹ́! Èmi tí etí mi kò tíì gbọ́ ju Wolof inú ọjà lọ, kí ni mo fẹ́ rò? Mo ní, ìyá yìí le. Àwọn onígbèsè ilé wa máa ń gba ẹ̀yìnkùlé sá, èyí jókòó, ó ń kí òṣómàáló bí ẹni ń kí àgbẹ̀ lóko. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti ní kí n má la ẹnu. Mo pa ẹnu mọ́.

Ó wọlé, ó gbé àkàrà gbígbóná jáde, ó gbé e síwájú mi. Mo wo àkàrà, àkàrà wò mí. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín: ẹ̀kọ mímu àná ló wà nínú mi. Mo jẹ ẹ́ lórí ìlóṣòó, kí iṣẹ́ má baà bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, "Kúṣẹ̀ o!" Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, "Kúṣẹ̀ o!" Ìrẹsì àti ẹja. Bí mo ṣe ń lọ náà ni oúnjẹ ń pọ̀ sí i. Àwọn obìnrin àdúgbò tó ń lọ sọ́jà á dúró, wọ́n á nawọ́ sí mi, wọ́n á bá màmá sọ̀rọ̀, wọ́n á mi orí. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ìtìjú ti ń mú un, àṣírí ti tú, ó kù díẹ̀.

Bí mo bá padà dé ọjà, Alájì á máa dúró dè mí.

"Owó ti dé?"

"Kò tíì dé, sà."

"Ó mà ti dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ló wọ̀ sí. Ẹ wá wò ó! Ó ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín! A rán ọ lọ gba ojú owó wá, o jókòó, ò ń jẹ èlé."

Báyìí ni Tobaski ń súnmọ́lé. Àgbò ti ń kún etí títì. Ní ọjọ́ kan, ará Lẹ́bánónì wá sí ìsọ̀ Alájì. Kò bínú rárá, ìyẹn ló bani lẹ́rù. Ó mú abọ́ kan, ó yí i wò, ó béèrè iye rẹ̀. Ó mú ìkòkò kan, ó béèrè iye rẹ̀. Kò ra nǹkan kan. Ó kàn ń díye lé ẹrù náà. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Sama xaalis," ìyẹn ni "owó mi" ní Wolof, ó sì rẹ́rìn-ín.

Alájì nu òógùn ojú rẹ̀. Ó wọ agbádá funfun tó fi ń lọ sí Jímọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, bọ́ síwájú. Ó di ilé onígbèsè rẹ. Èmi náà á lóṣòó. Bí orúnkún méjì kò bá ràn án, mẹ́rin á ràn án."

A dé Jollof Town. Mo lóṣòó. Alájì kó agbádá rẹ̀ jọ, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kérora, agbádá sì tẹ́ sílẹ̀ yí i ká bí adìyẹ tó sàba. Màmá jáde.

"Kúṣẹ̀ o!" Ó wo Alájì. Ó káwọ́ lérí. "Olúwa o! Ó ti mú bàbá rẹ̀ wá!"

Ilé dàrú. Màmá ń pariwo sínú ilé, àga ń jáde, omi atalẹ̀ ń jáde nínú ife dídán, àwọn aládùúgbò ń yọjú lórí ọgbà. Wọ́n ti ọmọbìnrin kan jáde, àbúrò ìyàwó ọjọ́sí, tó ń bọ bàtà sẹ́sẹ̀ bó ṣe ń bọ̀.

Alájì fẹnu sí mi létí. "Ta nìyẹn?"

"N kò mọ̀ ọ́n, sà."

"Kí ló dé tó ń tijú wò ọ́?"

Màmá ti jókòó, ó ti gbọ́wọ́ lé itan. Ó ní, "Bàbá, ẹ tọ́ ọmọ yín dáadáa. Gbogbo àdúgbò ló rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ mi yìí kò tíì parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ ní sùúrù díẹ̀ fún wa."

Alájì fẹ́ dìde. Orúnkún kò dá a lóhùn. Ó tún gbìyànjú, orúnkún kọ̀ jálẹ̀! Ìrora yìí ló tú ẹnu rẹ̀:

"Ìyá, a ò wá fẹ́yàwó! Owó aṣọ la wá gbà! Yéè, orúnkún mi o!"

Ọmọbìnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀.

"Owó?" ni màmá wí. "Owó tó ti wà nílẹ̀ láti òpin oṣù?" Ó wọlé, ó gbé ìdì áńkáṣíìfù kan jáde, ó tú u. Owó mi ló wà níbẹ̀, ó pé pérépéré. "Àràárọ̀ lò ń wá, o ò mẹ́nu bà á rí. Mo ní ọmọ yìí gbọ́n, ó fẹ́ kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ kó má baà ná an. Ṣé màá máa fi owó lé ẹni tí kò béèrè kiri ni?"

"Màmá, mo béèrè! Mo lóṣòó!"

"Ìyẹn ni ìbéèrè?" Ó yà á lẹ́nu gidi. "Ìyá ìyá mi máa ń sọ fún wa pé ní ilẹ̀ tí àwọn ti wá, ọmọ kì í kí àgbà lórí ìdúró, ilẹ̀ ni wọ́n ń lọ. A ò rí i rí. Ìwọ lo kọ́kọ́ fi hàn wá. Mo ń pe ènìyàn wá wò ọ́."

"Ẹ̀yin náà ń kí mi kú iṣẹ́!"

Alájì, tí ènìyàn méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dìde, bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òpè! Kúṣẹ̀ ni wọ́n fi ń kí gbogbo ayé níbí. Ewúrẹ́ tó bá yà síbẹ̀, wọn á kí i!"

Ọjọ́ náà gan-an la sanwó. Ará Lẹ́bánónì kà á, ó sì na ìdì aṣọ mìíràn sí mi. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń fẹnu mi béèrè owó, lórí ìdúró, lọ́jọ́ tí a bá dá. Gbèsè tèmi, mo ń san án kó tó pé ọjọ́, nítorí mo ti rí bí ojú ará Lẹ́bánónì ṣe ń tàn bí owó bá yá ju bó ṣe retí. Màmá sì fi mí sínú òsùsù àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀. Èsúsú wa náà ni, ó kàn yí padà díẹ̀ lẹ́nu wọn ni. Wọn kì í gba àlejò síbẹ̀, nítorí àlejò lè gbowó kó sọdá afárá. Ó ní òun dúró fún mi. Ìlóṣòó tí mo fi ń dójú tì í ló fi ṣe ẹ̀rí mi.

Ìlú ti ń jẹ́ Banjul nígbà tí màmá kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun ló jogún ilé pákó náà. Ìyàwó ọjọ́sí ló kó kọ́tìnnì. Nọ́ọ̀sì wa, tó ti fẹ́ akọ̀wé kan ní tirẹ̀, ló gba ipò olórí òsùsù, ó sì le ju màmá lọ. Kò pẹ́ tí Alájì náà fi lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín abọ́, wọ́n kó wọn lọ sí Bundung. Àbúrò rẹ̀ mú agbádá. Ṣùgbọ́n kí Alájì tó kú, ó ti dúró fún ọmọkùnrin kan tó gbé aṣọ ará Lẹ́bánónì, tó sọdá Denton Bridge, tí kò bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí gbèsè yẹn nígbà tí wọ́n ń pín ogún. Ará Lẹ́bánónì wo ọ̀tún, ó wo òsì, èmi ló ránṣẹ́ sí. Mo san án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Láti ìgbà náà, bí ọmọ Yorùbá tuntun bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ará Lẹ́bánónì bi í pé ta ló mọ̀ ọ́n, ìsọ̀ mi ni wọ́n ń júwe fún un.