Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ̀ Pé Kẹ́hìndé Ni Ẹ̀gbọ́n

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti ń kan ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Lálúpọn. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń wá, láti inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rẹ làfún sí, á sì lẹ̀ mọ́ èèyàn nímú bí aṣọ tí òjò pa tí wọn ò sá. Àlejò á ní ó ń rùn. Èmi ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, òórùn yẹn ló tọ́ èmi àti Kẹ́hìndé dàgbà. Àmọ́ láti ìgbà ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn, mi ò lè gbọ́ ọ kí ọkàn mi má wú.

O ṣáà mọ̀ pé ìbejì ni wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, ìyẹn ni pé èmi ni àbúrò. Kẹ́hìndé ló rán mi wá tọ́ ayé wò. Mo tọ́ ọ wò, mo ní ó dára, ó bá tẹ̀lé mi wá, ó sì kó gbogbo ìwé tó wà nínú rẹ̀ lọ. Fọ́ọ̀mù Tuu lèmi ti bá ìwé dágbére. Òun kọ́ kọ̀ǹpútà dé yunifásítì, ó wá ń kọ áàpù fún iléeṣẹ́ kan tó ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Tí o bá ti wú ẹ̀gẹ́ rẹ, wàá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, lọ́rìí á yà wá kó o. Tuntun ni wọ́n máa ń fẹ́. Èyí tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, wọn ò ní gbà á.

Ẹ̀gẹ́ tí bàbá wa gbìn kẹ́yìn kí wọ́n tó kú ni ìyá wa wú lọ́dún yẹn. Wọn ò fẹ́ tà á lọ́jà. Wọ́n ní kí ẹ̀gẹ́ ọkọ àwọn gun lọ́rìí tí ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀rọ pè.

A wú u tán, mo ṣí fóònù. Ó ní áàpù mi ti gbó, kí n lọ gba tuntun. Mo sì ti gba tuntun: áàpù nọ́ńbà 1.9 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti gba 1.10. Mo pa á rẹ́, mo tún un gbà, ó tún ní ó ti gbó. Ìgbà yẹn ni mo rántí olùkọ́ ìṣirò wa tó máa ń nà wá pé òdo tó bá gbẹ̀yìn lẹ́yìn póíǹtì ò wúlò, ká pa á. Mo pa á. Ó ku 1.1, tí kò tó 1.9. Mo bá sọ fún ìyá wa pẹ̀lú ìgboyà ọ̀mọ̀wé pé àlòkù ni Kẹ́hìndé fi ránṣẹ́ sí wa.

Mo pè é, kò wọlé. Ó ti wọ bàálù ní Alákìà láàárọ̀ náà, ó ń lọ sí Àbújá. Ibi tí mo ti ń pè é ni bàálù kan kọjá lókè orí wa, ìyá wa sì gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń lọ yẹn. Pè é sókè."

Lọ́rìí dé lọ́sàn-án, oko ìyá kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ló yà sí. Ìyá yẹn ò gba nǹkan tuntun sórí fóònù rí, 1.9 rẹ̀ ló fi pè é. Wọ́n kó tirẹ̀ tán, lọ́rìí ò kún dé ìdajì. Ìyá wa lọ dúró níwájú rẹ̀. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

"Mọ́mì, ẹ máa wò ó, àyè wà. Àmọ́ orúkọ yín ò sí lórí fóònù mi. Géètì iléeṣẹ́ ni wọ́n á ti dá mi padà."

Ó wo ẹ̀gẹ́, ó wo fóònù, ó lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i bí lọ́rìí ṣe ń yípo. Ó ní ó ti gbó.

Ìrọ̀lẹ́ ni Kẹ́hìndé tó pè, ó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn bí ọ̀rọ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó rí 1 lẹ́yìn póíǹtì, ó rí 9 lápá kejì, ó ní 9 ló jù, kò dúró wo òdo. "Kì í ṣe póíǹtì ìṣirò, Táyé. Ààlà ni. Mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mẹ́wàá ló tẹ̀ lé e." Ó ní òun ti tún un ṣe. Àmọ́ lọ́rìí ò tún ní yà sí ọ̀nà wa títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ìyá wa gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé, mo ní èyí tó dé kẹ́yìn ló jù, ẹ̀rọ ló pè é lábúrò.

"Kẹ́hìndé, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ kọ ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé ẹni tó dé kẹ́yìn lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n?"

Mo ń gbọ́ bí Kẹ́hìndé ṣe ń fa imú nínú fóònù.

A bó ẹ̀gẹ́ náà, a rẹ ẹ́. Ṣé o rí i, mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìwé tí mi ò kà ló ń jẹ́ kí ọwọ́ mi máa wà lófìfo. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó kàwé wà lókè, ẹni tí kò kà wà nílẹ̀, lọ́rìí tó láyè wà láàárín wa, kò sì sẹ́ni tó lè gbé ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Èmi àti ẹ̀rọ la jọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan náà. Òdo yẹn, asán ni olùkọ́ wa ń pè é. Òun ló jẹ́ ká fi ìkórè bàbá wa rẹ làfún, a sì jẹ ẹ́ tán.