Ẹkún Tí A Kò Gbọdọ̀ Sun

Àwọn tó ń ka ìwé mi rò pé ogun ni mo fẹ́ràn. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ìtàn ogun àtijọ́," bí ẹni pé mo ti di ìbọn mú rí. Èmi tí mo ń yà fún ewúrẹ́ lọ́nà! Ogun ò bá mi tan. Obìnrin kan ni mo ń wá, ogun ló kàn wà lójú ọ̀nà.

Ìyá mi ni obìnrin náà. Ìgbóná ló pa á nígbà tí mo ṣì kéré, ní abúlé kan lẹ́yìn Oko-Akarè. Ní ilẹ̀ wa nígbà náà, ẹni tí ìgbóná bá pa, a kì í sunkún rẹ̀. Wọ́n á ní òrìṣà ìgbóná tí a ń pè ní Ọba ló mú un lọ, ọpẹ́ nìkan ni kí a máa dá, kí Ọba má baà bínú padà wá mú àwọn tó kù. Àwọn àwòrò gbé òkú rẹ̀ wọ igbó, wọ́n sì kó aṣọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo agboolé ló rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ lójú mi mọ́, títí kan àbúrò rẹ̀ obìnrin tó gbà mí tọ́, tí mò ń pè ní Ìyá.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n gbé mi wá kọ́ni ní Adja-Ouèrè. Yàrá kan ni mo ní, tábìlì kan, àti fìtílà tó ń ṣe èéfín. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi a máa mu ọtí sódàbì nírọ̀lẹ́, wọ́n a máa jiyàn lórí ẹni tí àwọn ṣójà tún gbé gorí àga ní Kútọnu. Èmi á ti ilẹ̀kùn, n ó máa kọ ìtàn àwọn ènìyàn wa tó sá wọ irà nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ ń kó wọn lẹ́rú. "Ọ̀gbẹ́ni Àtijọ́" ni wọ́n ń pè mí. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Nígbà òjò, tí ilẹ̀ dúdú wa bá ti ń lẹ̀ mọ́ bàtà, ọ̀sẹ̀ a máa kọjá kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mi. Mo máa ń ka ohun tí mo kọ sókè kí ohùn ènìyàn ṣáà lè wà nínú yàrá.

Nítorí náà ni mo ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá lábúlé wa lópin ọ̀sẹ̀. Èdè Faransé ni mo fi ń kọ̀wé, kò sì gbọ́ ọ, nítorí náà mo máa ń tú u sí èdè wa bí mo ṣe ń kà á, òun náà á máa pa èkùrọ́. Bí òkúta rẹ̀ bá ń ró kò, kò, kò láìdúró, mo ti mọ̀ pé ohun tí mo kọ ò dáa, mo sì máa ń fà á ya nígbà tí mo bá délé. Àwọn ọ̀mọ̀wé Àjàṣẹ́ ti bẹnu àtẹ́ lu ìwé mi lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sí èyí tó le tó òkúta yẹn nínú wọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ìgbà tí àwọn ṣójà gba ìjọba tí wọ́n pè é ní Rẹfolúsíọ̀n, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kà á dé ibi tí obìnrin kan ti ń rokà fún àwọn tó sá pamọ́ sínú irà. Ọwọ́ òsì ló fi ń rò ó. Òkúta dúró.

"Ọwọ́ wo lo ní?"

"Ọwọ́ òsì ni, Ìyá."

Ọwọ́ òsì yẹn nìkan ṣoṣo ni mo rántí lára ìyá mi. Ojú rẹ̀ ti parẹ́ mọ́ mi nínú, mo sì ti wá a títí mi ò rí i. Mo ń kà á lọ. Obìnrin náà padà sẹ́yìn nítorí ọmọ rẹ̀ tó kù lẹ́yìn, ibẹ̀ ló kú sí, létí omi.

"Kí ló pa á?" Ìyá ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ìbọn ni. Àwọn ológun ló yìn ín fún un."

"Kì í ṣe ìgbóná?"

"Kì í ṣe ìgbóná."

"Ó dá ọ lójú?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n ju èmi tí mo kọ ọ́ lọ? Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú ẹ̀rín.

"Ó dá mi lójú, Ìyá. Ogun ló pa á."

"Bó bá jẹ́ ogun ni, ọkọ mi, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. A lè sunkún rẹ̀."

Ó gbé òkúta sílẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n mi o! Ẹ̀gbọ́n mi!" Ó ń pe ìyá mi ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ní kékeré, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí.

Àwọn aládùúgbò sáré dé, ẹlòmíràn tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́. "Ta ló kú? Ta ló kú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Ìyá wí. "Ogun ló pa á."

Mo ń retí kí wọ́n béèrè pé ogun wo. Kò sí ogun kankan nílẹ̀ wa nígbà náà, àwọn ṣójà tó ń jà sí oyè pàápàá kì í yìnbọn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè. Àwọn àgbà inú wọn wo ara wọn, wọ́n wò mí. Àwọn náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó ti Ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá a sun ún.

Arúgbó kan nínú wọn yí sí mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"O kú ara fẹ́ra kù o, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Ẹnikẹ́ni ò kí mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ń dá a lóhùn, ni mo bá bú sẹ́kún.