Agbọ̀n Àṣìṣe Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin ní Àjàṣẹ́, tí Faransé ń ṣèjọba lé wa lórí, ìyá mi kì í gba omi mu lọ́wọ́ ẹni tí kò bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìfura loògùn àgbà, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ̀ ni mí.

Àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ránṣẹ́ pé bí òun bá dé lọ́dún Iléyá, tí mo bá lè sọ Gẹ̀ẹ́sì, òun á mú mi lọ sílé ìwé lọ́hùn-ún. Bí n kò bá lè sọ ọ́, kí n jókòó sílé. Ìyá àgbà Àgùdà kan ládùúgbò wa, tó dàgbà sí Èkó, ní òun á kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé ìyá mi rárá.

Ìyá àgbà kì í na ọmọ. Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, á tún un sọ bó ṣe yẹ, èmi náà á tún un sọ, màá wá fi òkúta pa ekùrọ́ kan sínú agbọ̀n. Àṣìṣe mi lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Mo máa ń pe ìyá mi lọ́kùnrin ṣáá, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń tọ́ka sí akọ àti abo nílé wa, Gẹ̀ẹ́sì sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyá mi rí ìka mi tó wú. Ó ní òun ti mọ̀, ìyá yẹn ń fi àṣìṣe purọ́ mọ́ mi kó lè rí ekùrọ́ tà. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i o, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wá agbọ̀n. Ìyá àgbà gbé e jáde, gbogbo ohun tí mo ti pa ló wà níbẹ̀.

“Ìyàwó, àṣìṣe ọmọ rẹ rèé. Gbé e lọ sílé.”

Ìyá mi ki ọwọ́ bọ agbọ̀n títí dé ìsàlẹ̀, bóyá òkúta ló fi kún un. Kò rí ìkankan. Ó gbé e lọ sílé, èmi sì ń bá ẹ̀kọ́ mi lọ.

Ọdún dé. Àbúrò bàbá mi ní kí n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa ìyá mi, ni mo bá tún pè é lọ́kùnrin. Kí ó tó la ẹnu, ọwọ́ mi ti ń wá òkúta nílẹ̀, mo sì ti tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó mọ ibi tí òun ti ṣì, ó tó mú lọ.

Ekùrọ́ yẹn ni ìyá mi fi ṣe àdín tó fi pa mí lára láàárọ̀ tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ń bá tẹlifóònù sọ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, pé gbogbo àṣìṣe òun ni tẹlifóònù náà ń gbọ́. Mo bi í pé níbo ló ń kó wọn sí. Wọ́n kó tèmi padà fún mi, mo sì fi àdín rẹ̀ para.